Irúgbìn Yín Kò Kú, Òtútù Ló Mú Un

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, ní Leeds:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ra irúgbìn ata Ítálì oríṣi méjì, Corno di Toro Rosso àti Quadrato d'Asti, pẹ̀lú ìgbá aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní Violetta di Firenze. Ìparí oṣù Jánúárì ni mo gbìn wọ́n. Lójú fèrèsé ilé ìdáná ni mo gbé ike ata sí, mo gbé ti ìgbá sórí fíríìjì torí àyè ò gbà á mọ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Nínú ogún hóró ata, méjì péré ló yọjú. Ìgbá hù ní tirẹ̀, àmọ́ ó gùn bí òwú, ó sì ti ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, ata Ítálì tí mo rí gbìn so, ṣùgbọ́n tútù ló wà títí òtútù fi pa á. Ọkọ mi tún ní n má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata rodo wa, pé yóò máa ta. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo sì lè tọ́jú hóró inú rẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀?”

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú òtútù o. Ẹ má tíì da ike yẹn nù. Irúgbìn yín kò kú, òtútù ló mú un. Bí mo ṣe ka ibi tí ẹ ti ní “lójú fèrèsé” ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, torí èmi náà fi ọdún méjì ṣòfò lójú irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́n.

Ẹ ó ní ilé ìdáná yín kì í tutù. Òótọ́ ni, nígbà tí ẹ bá ń dáná. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ilé bá ti sùn, tí bọ́ílà sì ti pa ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ni òtútù ti kọ́kọ́ ń wọlé. Ilẹ̀ tí omi rin nínú ike náà sì máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Bí térmómítà tí ẹ fi ń wọn omi ìwẹ̀ àwọn ìbejì nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó bá ṣì wà nílé, ẹ tì í bọ ilẹ̀ inú ike ata yẹn ní aago mẹ́fà ìdájí. Bí ẹ bá rí 17°C, ẹ ṣe oríire. Kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ 13°C.

Ata kì í ṣe kábéèjì. Ní 15°C, hóró ata lè lo nǹkan bí ọjọ́ 25 kó tó yọ orí, ìyẹn èyí tí kò bá tíì jẹrà sínú ilẹ̀. Ní 20°C, á tó ọjọ́ 13. Láàárín 25°C sí 30°C, ọjọ́ 8 ti tó o. Ìgbá tún fẹ́ràn ooru ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 30°C, ọjọ́ 5 ni mo ti ń rí orí rẹ̀. Hóró kan náà, ilẹ̀ kan náà, omi kan náà. Ẹ̀yin gan-an ti dá ara yín lóhùn láìmọ̀: ìgbá tí ẹ gbé sórí fíríìjì, níbi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ta ooru díẹ̀díẹ̀ sókè tọ̀sántòru, òun ló hù.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa wá ni ooru láti ìsàlẹ̀. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé àtijọ́ tó ní kọ́bọ́ọ̀dù tí táńkì omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé ike ata sí lónìí, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Bí kò bá sí, ẹ ra máàtì oníná tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ike irúgbìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra èyí tó ní thermostat, ẹ̀rọ kékeré tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti tó. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ra tèmi, èyí tí kò ní ni mo mú nítorí owó. Mo gbé ike ìgbá oníhò 24 lé e, mo fi ọ̀rá bò ó dáadáa, mo bá tèmi lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ náà gbóná lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ẹyọ kan ṣoṣo kò hù nínú rẹ̀. Mo ti se gbogbo rẹ̀ jinná.

Ọ̀nà kan wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀, òun náà sì ni mo fẹ́ràn jù fún irúgbìn ọ̀wọ́n tí hóró rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ta omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ sí bébà ìnuwọ́ ilé ìdáná, kí ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́. Ẹ to hóró sí i ní méjì-méjì kí wọ́n má kan ara wọn, ẹ ká a, ẹ fi sínú ọ̀rá tó ní ẹnu pípadé, ẹ kọ orúkọ ata sára ọ̀rá náà. Ẹ wá gbé e sórí àpótí Wi-Fi yín. Mi ò ṣe àwàdà. Àpótí yẹn kì í sùn, ooru ara rẹ̀ sì ṣe rẹ́gí. Láti ọjọ́ karùn-ún lọ, ẹ máa tú u wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹ bá ti rí gbòǹgbò funfun tó yọ ẹnu bí ìlàjì hóró ìrẹsì, ẹ fi ṣóńṣó igi ìtayín gbé e sínú ilẹ̀, kí ẹ fi ilẹ̀ tí kò nípọn ju ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà bò ó. Ẹ má jẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò tó bá ti wọnú bébà, jíjá ni yóò já.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Kọ́mpọ́ọ̀sì tí kò ní peat (ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń wà nínú irà) tí wọ́n ń tà báyìí máa ń ní èèpo igi wọ̀ǹgìrì-wọ̀ǹgìrì nínú. Asẹ́ tí ẹ fi ń jọ gàrí, bí ẹ bá ní ògbólógbòó kan tí ẹ kò lò mọ́, ẹ fi jọ ọ́. Omi tí ẹ ó sì máa bu fún un, ẹ jẹ́ kó ti sùn nínú ilé. Èèyàn á fi ọjọ́ mẹ́ta mú ilẹ̀ gbóná, á wá fi omi ẹ̀rọ oṣù Fẹ́búárì pa á lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá ku ìgbá tó gùn bí òwú. Ohun tí hóró ń fẹ́ nígbà tó wà nínú ilẹ̀ kọ́ ló ń fẹ́ mọ́ bó bá ti yọ orí. Nínú ilẹ̀, ooru ni. Kò bìkítà fún ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ tó bá yọ orí, àní wákàtí tó bá yọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Bí kò bá rí i, á máa na ọrùn wá a kiri títí ọrùn náà ò fi ní lè gbé orí mọ́. Orí fíríìjì ṣókùnkùn, ó tún gbóná. Kò sí ibi tó burú tó o fún èhù tó ti yọjú. Òun ló fi jẹ́ pé bí ẹ bá lo kọ́bọ́ọ̀dù omi gbígbóná, ẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ọ̀kan bá ti tẹ ọrùn jáde, gbogbo ike ni ẹ ó gbé síta.

Ojúmọ́ Leeds ní ìparí oṣù Jánúárì kò tó wákàtí mẹ́sàn-án, ìkùukùu sì máa ń jẹ lára ìyẹn náà. Kò sí fèrèsé tó lè tún èyí ṣe. Ẹ ra iná LED gígùn kan, èyí tó funfun bí iná ọ́fíìsì ti tó, kò dìgbà tó bá jẹ́ aláwọ̀ pupa-n-pupa. Ẹ fi kọ́ bí 20 sẹ̀ǹtímítà sókè èhù, kí ó máa jó fún wákàtí 14 sí 16, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sùn lálẹ́. Nígbà yẹn, 18°C sí 20°C ti tó wọn. Ooru tó pọ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ló ń sọ wọ́n di òwú.

Àwọn tó ń ṣubú yẹn, ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wo ọrùn wọn níbi tó ti kan ilẹ̀. Bó bá rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó kàn rọ̀, ẹ lè gbà á là: ẹ lọ́ ọ, ìyẹn ni pé kí ẹ ṣí i lọ sínú ìkòkò tirẹ̀, kí ẹ sì bo ọrùn rẹ̀ dé abẹ́ ewé méjì àkọ́kọ́. Ewé ni kí ẹ fi mú un, ẹ má fi ọrùn mú un. Bí ọrùn bá sì ti fún pọ̀, tó dúdú, tó ń ṣomi, àrùn ilẹ̀ tútù ni. Kò gbóògùn. Ẹ kó o dànù pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kó má ràn, kí ẹ sì dín omi kù. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa fún wọn lómi, nínú àwo, kí ẹ da èyí tó bá ṣẹ́kù nù lẹ́yìn ìdajì wákàtí.

Bí gbogbo ìgbá náà bá lọ, ẹ tún gbìn. Àkókò kò tíì kọjá. Títí di àárín oṣù Máàṣì, ẹni tó bá ní ooru lábẹ́ àti iná lókè ṣì wà nínú eré.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ yí àpò irúgbìn náà sẹ́yìn kí ẹ kà á. “Semina” ni ìgbà gbígbìn, “trapianto” ni ìgbà lílọ́, “raccolta” ni ìgbà kíkó. “Dolce” ni pé kò ta, “piccante” ni pé ó ń ta. Bí ẹ bá rí “semenzaio”, nọ́sìrì ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀, oṣù Ítálì ni. Ẹni tó ń lọ́ ata síta ní oṣù Éépírì ní Sicily kò ṣìṣe; ẹni tó bá dán an wò ní Leeds, ara rẹ̀ ló ṣe é sí.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn mọ́ yín nínú: irú tí ẹ yàn. Quadrato d'Asti dára. Ata ńlá onígun mẹ́rin ni, ẹran ara rẹ̀ nípọn, wọ́n sì ń gbìn ín ní Piemonte. Piemonte wà ní àríwá Ítálì lóòótọ́, àmọ́ oòrùn oṣù Júláì ibẹ̀ ń gun 30°C dáadáa, ti Leeds sì ń rìn ní nǹkan bí 20°C tàbí 21°C. Ata tí ẹran rẹ̀ bá nípọn, ó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n. Òun ló fa ti ọdún tó kọjá yẹn, tàbí ó wà lára ohun tó fà á. Ẹ gbin ẹyọ kan tàbí méjì fún ẹwà, kí ẹ má gbọ́kàn lé e.

Corno di Toro ni kí ẹ gbájú mọ́. “Ìwo akọ màlúù” ni orúkọ rẹ̀, bó sì ṣe rí náà nìyẹn: ó gùn, ó ṣẹ́ ṣóńṣó, ó pọ́n fòò. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàtàṣé Mile 12, ẹ ó rò pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú ọbẹ̀. Ó kàn dùn bíi ṣúgà díẹ̀ ju tàtàṣé lọ, torí náà èmi máa ń fi rodo kan lé iye tí mo máa ń lò tẹ́lẹ̀. Kò sì lómi bíi ata onígun mẹ́rin tí wọ́n ń kó kún inú súpámákẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn á máa sè títí gáàsì á fi tán.

Méjì tún wà tí ẹ kò dárúkọ, tí mo máa ní kí ẹ wá. Friggitello ni àkọ́kọ́, ata kékeré gígùn tí àwọn ará Napoli máa ń dín lódindi nínú òróró, tìdí-tìdí. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, nítorí náà kò sí wàhálà à ń retí kó pọ́n. Ní oṣù Júláì ẹ ti lè máa ká a. Ìkejì ni Jimmy Nardello. Ìtàn rẹ̀ yẹ fún ẹni tó fi ilé sílẹ̀: ìdílé kan tó ń jẹ́ Nardello mú irúgbìn rẹ̀ kúrò ní Ruoti, ní ẹkùn Basilicata, lọ sí Naugatuck ní Connecticut, ní ọdún 1887. Ọmọ wọn tó ń jẹ́ Jimmy ló bá wọn gbìn ín títí tó fi kó irúgbìn náà fún àwọn tó ń tọ́jú irú àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ta rárá, ó sì tètè ń pọ́n. Bó ti wà nínú epo gbígbóná fún ìṣẹ́jú méjì, òórùn rẹ̀ á ti pe aládùúgbò.

Violetta di Firenze yín, ìgbá ńlá aláwọ̀ àlùkò fífẹ́lẹ́, tó ní ojú bí elégédé, ó lẹ́wà débi pé mi ò lè ní kí ẹ má gbìn ín. Àmọ́ inú ilé gíláàsì nìkan ni. Bí ìta ni ẹ fẹ́ lò, ìgbá gígùn bíi Violetta Lunga di Napoli ló lè gbìyànjú, nítorí pé èso tẹ́ẹ́rẹ́ kì í pẹ́ kó tó tó ká bí èyí tó rí rogodo.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ní Basilicata yìí kan náà, lẹ́bàá òkè Pollino, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Rotonda. Wọ́n ní ìgbá pupa kan níbẹ̀ tó rí bí tòmátì, Melanzana Rossa di Rotonda, tó gba àmì DOP ti ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tó ń dáàbò bo orúkọ oúnjẹ ìlú kan, ní 2010. Kì í ṣe Solanum melongena bí àwọn ìgbá Ítálì yòókù. Solanum aethiopicum ni, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ìgbá wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kiri nílé, tí à ń jẹ ní tútù. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé láti Áfíríkà ni wọ́n ti mú un wá. Ó ń korò díẹ̀ bíi tiwa, wọ́n sì máa ń rẹ ẹ́ sínú fínígà àti òróró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èso rẹ̀ pọ́n nínú ilé gíláàsì mi, màmá mi tó wá kí wa bẹ̀ mí wò, ó já ọ̀kan, ó fi nu aṣọ, ó sì gé e jẹ lórí ìdúró. Ó ní kí ni mo ń pè ní ìgbá Ítálì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà. Bí èhù bá ti ní ewé gidi méjì lórí ewé àkọ́kọ́, ẹ lọ́ ọ sínú ìkòkò 9 sẹ̀ǹtímítà. Bí gbòǹgbò bá yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ lọ́ ọ sínú èyí tó gba lítà kan tàbí méjì, kó tó wá bọ́ sínú ìkòkò àgbà: lítà 7 fún ata, lítà 10 fún ìgbá. Ẹ má fò ó láti inú kékeré bọ́ sínú ńlá; ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé á kàn máa di omi mú ni. Mo fẹ́ràn ìkòkò ju ilẹ̀ oko lọ fún ìgbá, pàápàá bí ẹ bá ti gbin tòmátì tàbí ànàmọ́ òyìnbó síbẹ̀ rí, torí àrùn kan náà ló ń gbé inú ilẹ̀ dè wọ́n.

Ẹ má wo ojú oòrùn oṣù Éépírì kí ẹ kó wọn jáde. Òru ni kí ẹ wò. Bí òru bá ṣì ń lọ sí abẹ́ 10°C, ẹ fi wọ́n sílé. Ìgbá tí òtútù bá mú ní oṣù Méè kì í kú. Á kàn dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó máa bomi rin ín, á máa wò yín. Nínú ilé gíláàsì tí kò ní ẹ̀rọ ooru, ìparí oṣù Méè ni tèmi. Níta gbangba, àárín oṣù Júùnù, ní ìdí ògiri tó kọjú sí gúúsù.

Òdòdó ìgbá ní àṣírí kan. Ẹ wo àárín rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọ̀pá pupa rẹ́súrẹ́sú tó fara mọ́ra. Àtíkè tó ń mú un so wà nínú wọn, ihò kékeré lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan nìkan ló sì ń gbà jáde, bí iyọ̀ nínú agolo. Bí nǹkan kan kò bá mì ín, kò ní jáde. Oyin lásán kò lè ṣe é. Bumblebee, oyin ńlá onírun yẹn, ló máa ń di òdòdó mú tí á sì máa kùn tí gbogbo rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ilé gíláàsì mọ́ òtútù, ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun náà. Bọ́rọ́ọ̀ṣì oníná tí a fi ń fọ eyín ni mo ń lò, èyí tó ti gbó. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, mo máa ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ọrùn òdòdó fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí i, èèyàn á rí àtíkè náà bó ṣe ń já bọ́ bí ìyẹ̀fun. Ata kò nílò èyí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn gbọn igi rẹ̀ pẹ́pẹ́. Àmọ́ bí òru bá tutù jù, lábẹ́ 15°C, tàbí tí ọ̀sán bá kọjá 32°C, òdòdó ata á máa já bọ́ láìso.

Nígbà tí èso àkọ́kọ́ bá tó hóró ẹ̀wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oúnjẹ olómi ti tòmátì, èyí tí pọ́táṣì pọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má lo ìgbẹ́ adìẹ. Ewé ló ń mú jáde. Ẹ ó ní igbó, ẹ kò ní ní ata.

Ìdí kejì tí ti ọdún tó kọjá kò fi pọ́n, mo lè fi owó lé e, ni pé ẹ jẹ́ kí ó so ju agbára rẹ̀ lọ. Ó máa ń dun èèyàn láti já èso kékeré dànù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Violetta di Firenze kan kò gbọ́dọ̀ gbé ju èso márùn-ún lọ ní Leeds. Bí ó bá sì ti di ìparí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, gbogbo òdòdó ata tó bá tún yọ, ẹ gé e; kò sí bó ṣe lè pọ́n mọ́, ó kàn ń pín oúnjẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ ni. Ata tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ lè parí rẹ̀ nínú ilé. Èyí tó bá ṣì tútù látòkè délẹ̀, tútù ni kí ẹ jẹ ẹ́. Igi ata tó dára, ẹ lè gé e kù sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ gbé e sínú yàrá tí kò tutù ju 10°C lọ títí ìgbà ìrúwé. Á so ṣáájú gbogbo ọmọ ọdún yẹn.

Ìgbá ní tirẹ̀, dídán ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Bí awọ rẹ̀ bá ti ṣú, ó ti pẹ́. Hóró inú rẹ̀ á ti di búráùn, á sì korò. Nínú ilé gíláàsì tó gbẹ, ẹ máa yí ewé rẹ̀ wò lábẹ́. Bí ẹ bá rí àmì wẹ́wẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, pẹ̀lú òwú bíi ti aláǹtakùn, red spider mite nìyẹn, kòkòrò tíntìntín tó ń fa omi ara ewé mu. Ẹ máa fọ́n omi sí abẹ́ ewé láàárọ̀ àti ọ̀sán. Kò fẹ́ràn ọ̀rinrin.

Ó wá ku ẹjọ́ Bàbá Ìbejì. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní òótọ́ ni wọ́n sọ, ọdún ni wọ́n ṣì. Ẹran ara ata jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Awọ funfun inú rẹ̀, níbi tí hóró rọ̀ mọ́, ni títa ti ń wá, ti ìyá náà ni. Àtíkè tí oyin gbé wá láti ibòmíì kò lè yí i padà. Hóró inú rẹ̀ nìkan ni ọmọ tí baba tuntun ní. Nítorí náà, Corno di Toro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata títa á dùn lọ́dún yìí. Bí ẹ bá wá gbin hóró rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè gé e sínú sàláàdì kí gbogbo ilé bú sẹ́kún, torí títa máa ń borí àìta nínú ọmọ. Rodo tilẹ̀ kọ́ ni ewu tó ga jù. Capsicum chinense ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti pò mọ́ ti Capsicum annuum tí ata Ítálì jẹ́. Ata gígùn títa bíi cayenne, tó jẹ́ annuum kan náà, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ lè tọ́jú irúgbìn, bí kò bá ti sí F1 lára àpò rẹ̀, ìyẹn àmì irú tí wọ́n pò láti ara ìyá àti bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ F1 kì í jọ ìyá rẹ̀. Ẹ ṣáà ní àpò nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi pín súfúníà lóde ìyàwó nílé, àwọn tí wọ́n fi òwú fà lẹ́nu? Ẹ fi bo ẹ̀ka tí òdòdó rẹ̀ kò tíì là. Ẹ máa gbọn ọ́n lójoojúmọ́. Bí èso bá ti dúró, ẹ tú àpò náà, kí ẹ so òwú pupa mọ́ ọrùn èso yẹn kí ẹnikẹ́ni má kó o sọ́bẹ̀. Ata gbọ́dọ̀ pọ́n dénú. Ti ìgbá gba sùúrù jù: ẹ fi sórí igi títí á fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí kò ní ṣeé jẹ mọ́, kí ẹ tó gún un mọ́ omi, hóró tó gbó á rì, èyí tí kò dára á léfòó. Ẹ sá a sórí àwo tánganran, ẹ má sá a sórí bébà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Hóró ata á ṣì dára fún ọdún méjì sí mẹ́rin, ti ìgbá lè tó márùn-ún, bí wọ́n bá wà ní ibi gbígbẹ tó tutù.

Kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sára àpòòwé kí ẹ tó da hóró sínú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Mo ní àpòòwé kan nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mo kọ “ata pupa, dáadáa” sí. Mi ò tíì mọ èwo ni títí dòní.